Uná Tí Bàbá Ń Gbé Lọ Sí Ègùn

Tọ́ọ̀ṣì mọ́kànlá la kà nínú yàrá Bàbá lẹ́yìn tí a sin ín tán. Mẹ́sàn-án ṣì ń tàn. Ọ̀kan kò ní gílóòbù, èèrà sì ti fi ìkejì ṣe ilé. Mo tò wọ́n sórí ibùsùn rẹ̀ bí ọlọ́jà ṣe ń to ọjà, láti orí èyí tó gùn jù dé orí èyí tó kúrú jù, mo tún wọn kà. Mọ́kànlá náà ni. Ìkejìlá, tí Bàbá fẹ́ràn ju gbogbo wọn lọ, kò sí níbẹ̀.

Màmá mi, àkọ́bí Bàbá, dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Fúnkẹ́, àbí o ò mọ oǹkà mọ́ ni?"

"Mo mọ oǹkà, Mà. Ti ara ọ̀pá ni mi ò rí."

"Ó máa wà níbì kan. Bàbá kì í sọ iná nù."

Òótọ́ ló sọ. Bàbá lè pè mí ní Bọ́sẹ̀, tó jẹ́ orúkọ màmá mi, kí ó tún pe màmá mi ní orúkọ àbúrò rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá jí i lójú oorun, yóò sọ ibi tí tọ́ọ̀ṣì kọ̀ọ̀kan wà fún ọ, àti iye àárọ̀ tí bátìrì inú rẹ̀ ti ṣiṣẹ́. N kò ní kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ síbí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ àwọn ilé ìwé tó ti kọ́ni, kí ó bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ léèrè. Wọ́n pọ̀ ní Jos bí òkúta. Èmi fẹ́ sọ bí ó ṣe ń yan iná tí yóò gbé rìn lọ sí ègùn kí ilẹ̀ tó mọ́, nítorí ibẹ̀ ni mo ti mọ irú ènìyàn tó jẹ́.

Ọmọ Èkìtì ni. Ìjọba gbé e wá sí Plateau láti kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò nígbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú kirikiri, ó sì jókòó síbẹ̀. Ilé tó kọ́ sí ìhà Lamingo ni a bí gbogbo wa sí. Baba Malam ni àdúgbò ń pè é, nítorí malam ni Hausa ń pe olùkọ́. Ègùn rẹ̀ kò ju pákó mẹ́ta lọ, tí ó kàn mọ́ àárín ẹ̀ka igi máńgòrò ńlá kan létí oko acha, ọkà wẹ́wẹ́ tí a fi ń ṣe tùwó níhìn-ín. Ibẹ̀ ni ẹtu àti ehoro máa ń jáde sí ní ìdájí. Ọdẹ tó bá fẹ́ rí wọn gbọ́dọ̀ ti jókòó lórí ègùn kí wọ́n tó dé.

Láti ẹnu géètì wa dé ìdí igi náà, ẹgbẹ̀fà ìṣísẹ̀ ni. Bàbá ti kà á láìmọye ìgbà. Kódà, oǹkà ló fi sọ àwọn òkúta ojú ọ̀nà lórúkọ. Igba wà níbi ìṣísẹ̀ igba, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo. Irinwó wà níbi ìṣísẹ̀ irinwó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ọrọ́, ó yọ imú síta bí ajá. Ẹgbẹ̀rin wà lẹ́bàá odò kékeré, ó máa ń yọ̀ bí ẹja. Bí mo bá ń gba ọ̀nà náà lọ gbé pòtétò wá láti oko, Bàbá á ké tẹ̀ lé mi pé, "Bá mi kí Irinwó o!"

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti bátìrì, nítorí òun ni ìjà rẹ̀ àkọ́kọ́ pẹ̀lú gbogbo ayé.

Ọyẹ́ Jos kì í ṣe ọyẹ́ eré. Bátìrì tó tutù á tàn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí ẹni tó ń tòògbé. Nítorí náà, bátìrì Bàbá kì í sun inú tọ́ọ̀ṣì. Inú àpò ṣòkòtò rẹ̀ ni ó ń sùn, lábẹ́ kúbùsù, níbi tí ara Bàbá á ti máa mú un lọ́wọ́ọ́wọ́. Ní ìdájí ni ó tó máa ń kì í bọnú tọ́ọ̀ṣì. Màmá mi fọ bátìrì pọ̀ mọ́ ṣòkòtò lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó kọ́gbọ́n pé ó yẹ kí òun máa tú àpò wò.

Bàbá kì í ṣahun pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ó ń yá gbogbo àdúgbò, ṣùgbọ́n ó ní òfin kan. Díákónì kan ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà wa yá tọ́ọ̀ṣì fún ìsọjí ọjọ́ mẹ́ta, ó dá a padà, iná inú rẹ̀ sì ti pọ́n bí ẹyin ojú ọ̀mùtí. Bàbá gbà á, ó tàn án, ó pa á. Ó ṣí fìlà.

"Ẹ kú ọ̀fọ̀ o, Díákónì. Ẹ kú ará fẹ́ra kù."

Díákónì ta gìrì. "Ha! Ta ló kú, Bàbá?"

"Ẹ̀yin lẹ gbé e wá kẹ̀. Ẹni tó bá dá tọ́ọ̀ṣì padà pẹ̀lú bátìrì tó ti kú, òkú ló gbé wá sílé mi."

Lọ́jọ́ kejì, bátìrì tuntun méjì wọlé nínú ọ̀rá dúdú. Láti ìgbà náà ni gbogbo ìhà ibí yìí ti mọ òfin náà.

Èdè ni ìjà rẹ̀ kejì. Ní Èkìtì tiwọn, uná ni wọ́n ń pe iná, ulé sì ni wọ́n ń pe ilé. Àwa tí a bí sí Jos kò mọ èyí. Hausa ló kọ́kọ́ yọ lẹ́nu púpọ̀ nínú wa, Yorùbá wa sì dà bí aṣọ àlòkù tí a gbà lọ́wọ́ àwọn òbí wa. Bàbá ń sọ uná, àwa ń sọ iná, kò sì sí wàhálà, àfi ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí Bàbá Gyang dé.

Bàbá Gyang ni ọ̀rẹ́ ọdẹ Bàbá. Ọmọ Berom ni, ó ti wa kùsà ní ibi ìwakùsà tánńganran nígbà èwe rẹ̀, ó sì fi ọdún mẹ́wàá kéré sí Bàbá. Hausa ni àwọn méjèèjì ń bá ara wọn sọ, nítorí Bàbá Gyang kò gbọ́ Yorùbá kankan. Ègùn tirẹ̀ wà níwájú ti Bàbá, lókè àwọn àpáta. Ní ìdájí, ó máa ń dúró lẹ́nu géètì wa, kí ó béèrè ní Hausa pé, "Ina Baba?" Ìtumọ̀ rẹ̀ ni, Bàbá dà?

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí. Oorun ṣì ń kùn mí lójú. "Iná Bàbá" ni mo gbọ́. Mo mú tọ́ọ̀ṣì Bàbá lórí tábìlì, mo nà án sí Bàbá Gyang láti àárín irin géètì, mo sì yí padà kí n lọ sùn. Ó tún béèrè, "Ina Baba?" Mo rò pé èyí tí mo mú wá kò tó o. Mo gbé òmíràn wá. Nínú ilé, Bàbá ti ń tú yàrá: "Uná mi dà? Ta ló gbé uná mi?" Níta, Bàbá Gyang ń béèrè lẹ́ẹ̀kẹta. Nígbà tí Bàbá máa fi jáde, tọ́ọ̀ṣì mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Malam," ni Bàbá Gyang wí, "kasuwa za mu je ne?" Ó ń béèrè bóyá ọjà ni àwọn ń lọ.

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi di géètì mú. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ó pè wá jọ sí ìyẹ̀wù. "Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ di iná," ó wí. "Uná ni mo gbé wá láti ulé, kò sì sí Hausa tó lè gbà á lọ́wọ́ mi."

Ẹ̀gbọ́n mi Káyọ̀dé, tí ẹnu rẹ̀ kì í dùn ún, dìde. "Bàbá, Píjìn ti gbà á. Bí wọ́n bá fẹ́ pe ènìyàn púpọ̀, 'una' ni wọ́n ń sọ. Una wey dey here, ìyẹn ni gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wà níbí."

Bàbá rò ó díẹ̀, ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, àwa mẹ́jọ.

"Ó dára bẹ́ẹ̀," ó wí. "Gbogbo yín náà ni."

Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń gbìyànjú láti kọ́ Bàbá Gyang ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí, kí irú rẹ̀ má baà ṣẹlẹ̀ mọ́. "Sọ pé uná." Bàbá Gyang á ní, "Wuna." "Uná!" "Wunna." Lẹ́yìn náà á ju ọwọ́ sílẹ̀: "Haba Malam, yarenku da wuya." Ó ní èdè wa le. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ nìyẹn, ọ̀gbẹlẹ̀ kan sí òmíràn.

Èmi ni mo jogún àìsàn tọ́ọ̀ṣì yìí. Akọ̀wé ni mí ní ilé ìwé kan ní Kuru, ṣùgbọ́n nínú dúrọ́ọ̀ mi, tọ́ọ̀ṣì tí mo tú palẹ̀ pọ̀ ju fáìlì lọ. Kò sí ẹni tó kọ́ mi. Mo kà á lórí fóònù, mo tú u, mo bà á jẹ́, mo tún un ṣe. Mo mọ ìyàtọ̀ láàárín iná tó ń ju ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ jìnnà bí ọ̀kọ̀ àti èyí tó ń tú u ká bí omi. Mo ti wọn bí ìmọ́lẹ̀ bátìrì méjì ṣe ń dínkù nínú òtútù, ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, tí mo jókòó lẹ́yìnkùlé pẹ̀lú ìwé àti bírò. Bàbá nìkan ni kò pè mí ní wèrè.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ra tọ́ọ̀ṣì tí a ń so mọ́ iwájú orí, mo sáré gbé e lọ fún un. "Bàbá, ẹ wò ó, iná orí!"

Ó sún sẹ́yìn. "Iná orí? Láti ìgbà tí ìyá rẹ ti fá orí yín, mo rò pé a ti bọ́ lọ́wọ́ iná orí." Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá kòkòrò nínú irun mi.

Ìjà gidi ni èyí tó tẹ̀ lé e. Mo ti kà á pé ẹranko kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ìmọ́lẹ̀ pupa. Mo fi ọ̀rá pupa bo iná orí náà, mo dín agbára rẹ̀ kù, mo sì sọ fún Bàbá pé òun nìyí, iná tó yẹ ọdẹ, ẹtu kò ní mọ̀ pé ẹnì kan ń bọ̀. Bàbá kò bá mi jiyàn. Ní ìdájí ọjọ́ kejì, ó ní kí èmi àti Bàbá Gyang dúró ní Igba, òun sì gbé iná pupa mi lọ síwájú. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí ọgbà ọrọ́, ó yí ojú sí wa.

Mo mọ̀ pé Bàbá ni. Èmi ni mo ṣe iná náà. Síbẹ̀, ohun tí mo rí nínú òkùnkùn ni ojú pupa kan, nísàlẹ̀, tó dúró jẹ́ẹ́, tó ń wò mí.

Bàbá Gyang di apá mi mú. "Kai! Nama!" ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ẹran!

Bàbá dìde, ó padà wá, ó tú iná náà kúrò lórí, ó fà á lé mi lọ́wọ́.

"Ìwọ ń ronú nípa ohun tí ẹtu máa rí," ó wí. "Èmi ń ronú nípa ohun tí ọdẹ míì máa rí. Uná tí kò bá sọ pé ènìyàn ló ń bọ̀, ó ti parọ́ mọ́ ẹni tó gbé e."

Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì tí mo fi ń bínú. Ohun tó dùn mí jù ni pé ó tọ̀nà.

Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í di kùrukùru. Dókítà ní ọ̀kan ti lọ, ìkejì sì ń tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀. Bàbá gbọ́ ọ, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà, ó sì béèrè lọ́wọ́ mi nínú mọ́tò bóyá mo ti sá bátìrì sínú oòrùn.

Màmá mi kò lè fara mọ́ ọn. Nọ́ọ̀sì ni kí ó tó fẹ̀yìn tì, ó sì ti rí egungun ìbàdí arúgbó tó ṣẹ́ ju bí ó ti fẹ́ rántí lọ. Ó dúró níwájú Bàbá nínú ìyẹ̀wù, ó ká ọwọ́ lẹ́yìn.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ègùn yìí sílẹ̀."

"Bọ́sẹ̀, ègùn ni kò fi mí sílẹ̀."

"Mi ò fẹ́ àwàdà, sà. Ní Sátidé tó ń parí oṣù yìí, a máa rìn ín pọ̀, láti géètì dé ìdí igi, kí a sì padà. Bí ẹ ò bá kọsẹ̀, ẹ máa lọ lọ́dún yìí. Bí ẹ bá kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ gbé ìbọn fún Bàbá Gyang, ọ̀rọ̀ parí."

Mo rí i tí ọwọ́ Bàbá ń tẹ bọ́tìnnì tọ́ọ̀ṣì inú àpò rẹ̀, ó ń tàn án, ó ń pa á. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa: bí wọ́n bá gba ìrìn ìdájí yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, àga inú ìyẹ̀wù ló kù fún un, kò sì mọ àga jókòó lé.

"Ó dára," ó wí. "Fúnkẹ́ ló máa yan uná."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni mo ní. Mo kọ́kọ́ mú èyí tó mọ́lẹ̀ jù, funfun báláú, mo so ó mọ́ iwájú orí rẹ̀. Eruku ọyẹ́ gba ìmọ́lẹ̀ náà, ó dá a padà sí ojú rẹ̀ bí aṣọ funfun tí a ta síwájú rẹ̀. "Mo ti dé ọ̀run," ni Bàbá wí, "áńgẹ́lì dà?" Mo mú àtùpà ìwakùsà àtijọ́ ti Bàbá Gyang, èyí tí wọ́n ń kán omi sórí òkúta kábáàdì inú rẹ̀ kí ó tó gbaná. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ń rùn bí áyù, Màmá mi sì lé wa jáde nílé. Mo mú láńtánì. Ó tàn sí ojú òun fúnra rẹ̀ ju ilẹ̀ lọ.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni mo tó rí ohun tí ojú mi ti ń wò láìrí. Kì í ṣe bí iná ṣe mọ́lẹ̀ tó ni ọ̀rọ̀ wà, ibi tó wà ni. Bí iná bá wà lórí, ẹ̀yìn òkúta ni òjìji ń sá pamọ́ sí, ilẹ̀ á sì rí gbalaja bí ẹní. Bí iná bá wà nísàlẹ̀, òkúta kékeré tí kò ju àtàǹpàkò lọ á na òjìji gígùn sílẹ̀, kódà ojú tí kò ríran tó á rí i. Mo mú tọ́ọ̀ṣì onírin alábátìrì méjì, mo fi rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ dì í mọ́ ọ̀pá ìtilẹ̀ Bàbá, ìbú ọwọ́ kan sókè orúnkún, mo tẹ orí rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀. Mo fi ọ̀rá súìtì aláwọ̀ ìyeyè bo ojú rẹ̀ kí ó má baà ta á lójú. Mo jẹ súìtì mẹ́sàn-án kí n tó rí ọ̀rá tó dọ́gba.

Bàbá rìn ín yí ilé ká. Bí ó bá ti gbé ọ̀pá, iná á gòkè; bí ó bá ti fi kanlẹ̀, iná á tẹrí ba.

"Àdùkẹ́ mi," ó wí. Ìgbà tí inú rẹ̀ bá dùn gan-an ló máa ń pe oríkì mi. "Uná yìí lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Ó ń kí ènìyàn."

Sátidé náà dé. Aago mẹ́rin ààbọ̀ kọjá díẹ̀, òtútù ń gé etí. Bàbá ló ṣíwájú pẹ̀lú ìbọn ní èjìká, Màmá mi tẹ̀ lé e bí olùdánwò, èmi ni mo kẹ́yìn. Igba kọjá. Irinwó kọjá, Bàbá gbé ẹsẹ̀ láìdúró. A dé Ẹgbẹ̀rin, ó yà á, ó fo odò. A dé ìdí máńgòrò, ó fi ọwọ́ kan igi náà bí ẹni tó ń kan èjìká ọ̀rẹ́. Mo ti ń yọ̀ nínú. Ó ku àtipadà nìkan.

Ìgbà náà ni a gbọ́ ohùn kan láti òkè àpáta.

"Malam! Kai ne?"

Bàbá Gyang ni, ó ń béèrè bóyá Bàbá ni. Ó ti ṣáájú wa jáde, bátìrì rẹ̀ ti kú sí i lọ́wọ́ láàárín àpáta, níbi tí kòtò pọ̀ sí. Ó ti jókòó sójú kan láti bí ìdajì wákàtí, kò lè lọ síwájú, kò lè padà sẹ́yìn. Ó rí iná kan tó ń tẹrí ba bọ̀ láti ìsàlẹ̀, ó sì mọ̀ pé kò sí ẹlòmíràn tí iná rẹ̀ ń rìn bẹ́ẹ̀.

Bàbá kò ronú lẹ́ẹ̀mejì. Ó gòkè lọ bá a, ó ń fi ọ̀pá kan òkúta níwájú ara rẹ̀, ó sì na ọ̀pá àti iná pọ̀ sí i. Ó sọ̀kalẹ̀ wá bá wa lọ́wọ́ òfo.

"Bàbá!" Màmá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. "Ìdánwò yín ńkọ́? Báwo lẹ ṣe máa délé?"

"Bọ́sẹ̀, Gyang kò mọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà. Èmi mọ̀."

Mo fẹ́ tan fóònù mi. Bàbá ní kí n fi sápò, olùdánwò kò gbà kí wọ́n ran ẹni tó ń ṣe ìdánwò lọ́wọ́. Báyìí ni a bẹ̀rẹ̀ sí í padà nínú òkùnkùn biribiri, ọkùnrin tí ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́ níwájú, àwa obìnrin méjì olójú mẹ́rin lẹ́yìn. Ó ń kà á sẹ́yìn láti ẹgbẹ̀fà, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń kọrin. "Ẹgbẹ̀rin nìyí, ẹ yà sí ọ̀tún." A yà sí ọ̀tún. "Ó ku ìṣísẹ̀ mẹ́ta kí a kan Irinwó. Ẹ gbé ẹsẹ̀."

Màmá mi kò gbé ẹsẹ̀. Ó ń ronú lọ́wọ́ bí ó ṣe máa gbé Bàbá bí ó bá ṣubú. Irinwó gbá a ní ìka ẹsẹ̀, ó fò síwájú, ó di aṣọ Bàbá mú, èmi náà sì kọlu ẹ̀yìn rẹ̀. Bàbá nìkan ló dúró ṣánṣán.

Lẹ́yìn náà ni Bàbá sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, "Nọ́ọ̀sì Àgbà, ta ló máa gbé ìbọn sílẹ̀ báyìí?"

Ẹ̀rín tí a rín jí àwọn ajá àdúgbò. Màmá mi jókòó lé Irinwó, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń ké "yéè" pọ̀.

Èmi nìkan ni mo ní ẹjọ́. "Bàbá, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin! Súìtì mẹ́sàn-án! Bí ẹ bá mọ ọ̀nà tó báyìí, kí ni mo wá ń yan iná fún?"

"Ẹsẹ̀ mi ló mọ ọ̀nà," ni Bàbá wí. "Uná yẹn, kí ẹlòmíràn lè mọ̀ pé èmi ni mo ń bọ̀ ni. Ṣé o rí i pé Gyang mọ̀ mí? Iṣẹ́ rẹ dára."

Ìgbà tí a délé ni ó tó tú àṣírí kejì. Màmá mi ní, pẹ̀lú bí ojú ṣe rí yìí, ẹ ṣì fẹ́ máa yìnbọn? Bàbá ní ó ti ju ọdún kan lọ tí ẹ̀tù ti wọ inú ìbọn náà kẹ́yìn. Òun ti kó gbogbo ẹ̀tù òun fún Gyang láti ọjọ́ tí òun kò ti lè mọ ẹtu yàtọ̀ sí ewúrẹ́ mọ́.

"Kí wá lẹ ń lọ ṣe lórí igi?"

"Bí àwọn awó ṣe ń jí, ó dùn ún gbọ́. Ọ̀kan á kọ́kọ́ bú àwọn yòókù, gbogbo wọn á wá máa bú ara wọn. Ó dà bí ulé wa."

Màmá mi lọ gbé omi gbígbóná àti iyọ̀ fún ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Bàbá lọ sí ègùn ní ọ̀gbẹlẹ̀ náà, ó tún lọ ní èyí tó tẹ̀ lé e. Ní ti ọ̀pá oníná yẹn, ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni Bàbá Gyang dá a padà pẹ̀lú bátìrì tuntun, nítorí ó mọ òfin. Láti ìgbà náà ó di ti àwọn méjèèjì. Bí ó bá wà nílé wa lónìí, ó lè wà lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́la.

Ìgbà òjò ni Bàbá lọ, lójú oorun, pẹ̀lú bátìrì méjì nínú àpò ṣòkòtò. Màmá mi ló bá wọn níbẹ̀ nígbà tó fẹ́ pààrọ̀ aṣọ rẹ̀. Ó ní wọn kò tíì tutù.

Mo ti fura síbi tí tọ́ọ̀ṣì kejìlá wà. Ṣùgbọ́n ojú tì mí láti lọ béèrè ọ̀pá lọ́wọ́ ẹni tó dúró nínú òjò létí sàréè títí gbogbo ènìyàn fi lọ tán.

Òjò lọ. Wọ́n kórè acha. Ní àárọ̀ àkọ́kọ́ tí ọyẹ́ já, kí ilẹ̀ tó mọ́, irin géètì wa dún. Èmi àti Màmá mi pàdé nínú ìyẹ̀wù, a kò tíì sọ̀rọ̀ tí a fi mọ ẹni tó jẹ́. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń bi wá lẹ́nu géètì yẹn ní irú wákàtí yìí.

Màmá mi di ọwọ́ mi mú. "Fúnkẹ́, bí ó bá béèrè pé Bàbá dà, kí la máa sọ?"

Mo ṣí géètì.

Bàbá Gyang dúró nínú kóòtù rẹ̀ tó nípọn, ọ̀pá Bàbá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tún ẹnu rẹ̀ ṣe bí ẹni tó fẹ́ súfèé.

"Uná Baba," ó wí.

Kì í ṣe ina. Kì í ṣe wuna. Uná ni, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní ulé. Kò sí ẹyọ ọ̀kan nínú àwa ọmọ ọmọ mẹ́jọ tí ẹnu rẹ̀ lè gbé e tó bẹ́ẹ̀.

Màmá mi bú sẹ́rìn-ín, ó sì fi etí ìró nu ojú. Bàbá Gyang ṣàlàyé ní Hausa pé gbogbo ọ̀gbẹlẹ̀ tó kọjá ni àwọn fi kọ́ ọ nídìí máńgòrò, títí àwọn awó fi sá lọ. Malam ti sọ fún òun pé bí òun bá máa dá tọ́ọ̀ṣì náà padà lọ́jọ́ kan, kí òun fi orúkọ rẹ̀ pè é.

Mo gbà á. Mo ṣí ìdí tọ́ọ̀ṣì náà, mo da bátìrì sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Tuntun ni wọ́n, méjèèjì sì lọ́wọ́ọ́wọ́. Inú àpò ènìyàn ni wọ́n sùn mọ́jú.

"Wọ bàtà rẹ," ni Màmá mi wí fún mi, òun náà sì ti ń wọ tirẹ̀.

Bàbá Gyang ló ṣíwájú, iná náà ń tẹrí ba, ó ń gòkè, ó ń tẹrí ba. Èmi ń kà á sókè, pẹ̀lú ohùn tó tó gbọ́, gẹ́gẹ́ bí Bàbá ṣe máa ń ṣe. Nígbà tí a dé Irinwó, Màmá mi gbé ẹsẹ̀, ó sì kí i.